Ọ̀gá ra sọ́fítíwià olówó ńlá, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ò lò ó. Ẹ bá mi dá sí i

Akọ̀wéSítọ́ọ̀ (Ọbáńtokò), ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ẹ̀gbá nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó ti tó oṣù mẹ́rin, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé oríṣiríṣi èèyàn ló wà níbí, àwọn tó ti ṣe báńkì, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià, àwọn tó ní ilé iṣẹ́ tiwọn pàápàá.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Ajébọ̀, oúnjẹ adìyẹ la ń lọ̀. A ò kéré o. Tí ọjà bá ń yá, tírélà àgbàdo bíi mẹ́rin lè wọlé lọ́sẹ̀ kan, ká má tíì sọ ti sóyà, a sì ní sítọ́ọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú ọgbà wa, ọ̀kan ní Láfẹ́ńwá, ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 2023, lẹ́yìn ìgbà tí owó náírà di ọ̀wọ́n tí gbogbo ìlú ń sáré tíránsífáà kiri, MD wa, ìyẹn ọ̀gá àgbà, pè wá jọ, wọ́n ní ilé iṣẹ́ yìí máa kúrò lórí ìwé, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, látìgbà tí tírélà bá gun ìwọ̀n títí dìgbà tí kọ́sítọ́mà bá gbé àpò tiẹ̀ lọ. Wọn ò sì fẹnu lásán sọ ọ́. Wọ́n ra sọ́fítíwià, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́sàn-án, wọ́n gbé sólà sórí òrùlé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni má baà fi iná ṣe àwáwí, wọ́n mú èèyàn wá láti Èkó tó kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Inú mi dùn, torí èmi ni mo máa ń fọwọ́ ṣe ìṣirò ìparí oṣù, ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń gbà mí.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti wọ́. Òfin ni pé àpò kan ò gbọdọ̀ jáde tí kò bá ní nọ́ńbà látorí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, MD pe Bàbá Sítọ́ọ̀ lórí fóònù: "Ẹ di 200 àpò sọ́kọ̀ Alhaji, wọ́n wà lọ́nà, ẹ ó kọ ọ́ tó bá yá." Ta ló fẹ́ bi MD pé nọ́ńbà dà? Wọ́n dì í. "Tó bá yá" yẹn ò yá mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀, àbúrò MD wá gbé 40. Lẹ́yìn ìyẹn, pásítọ̀ ìjọ wọn, 30. Nígbà tó yá, máníjà títà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiẹ̀, ó ní ṣebí MD ń pè. Ìparí oṣù kẹta, kọ̀ǹpútà ní a ní 1,140 àpò, a kà á, 800 la bá nílẹ̀. Inú bí MD, wọ́n wò mí lójú níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní "ṣé ẹ rí i, kọ̀ǹpútà yín yìí, irọ́ ló ń pa."

Látọjọ́ yẹn, Bàbá Sítọ́ọ̀ ti padà sídìí lẹ́jà wọn, àwọn ọmọ tó ń tajà ń kọ tiwọn sínú ìwé ọlọ́gọ́ta ewé, akántáǹtì ń ṣe tiẹ̀ ní Excel, sọ́fítíwià náà ṣì wà ńbẹ̀, a ṣì ń san owó ẹ̀ lọ́dọọdún. Àkọsílẹ̀ mẹ́rin fún ọjà kan ṣoṣo. Ìbéèrè mi ni pé ṣé sọ́fítíwià ló bàjẹ́ ni àbí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni? Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá, báwo lọmọ iṣẹ́ bíi tèmi ṣe máa sọ ọ́ tí iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

ÌyáAláró_Ìtòkú, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Ọ̀gá yín ra aṣọ tuntun fún gbogbo yín, òun fúnra wọn ò wọ̀ ọ́. Sọ́fítíwià ò bàjẹ́ níbi tí mo ti ń wò ó o, ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún un ni kò mọ̀. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ lórí bí wàá ṣe bá wọn sọ ọ́ ṣùgbọ́n jẹ́ káwọn tó mọ̀wé jù mí lọ sọ tiwọn ná.

Fẹ̀yìntìBáńkì_Ìbarà, 10:22 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ báńkì, mo sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ tí arákùnrin yìí sọ, mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan tó kùnà, ẹ̀ẹ̀kan tó yọrí.

Ẹ máa rántí pé Èkó ni báńkì àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò pé ká dín owó tí à ń kó lọ́wọ́ kù, ní 2012. Ní July 2013 ni wọ́n gbé e dé Ògùn wa níbí, pẹ̀lú Abia, Anambra, Kano, Rivers àti Àbújá. Nígbà yẹn gbogbo báńkì ló ń ra ẹ̀rọ. MD tó wà níbẹ̀ nígbà náà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn dáadáa ni, ó nawó, ó sọ̀rọ̀ dáadáa níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n gbogbo ímeèlì tó bá wọlé fún un, sẹ́kítìrì ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ó ń kó o sínú fáìlì, ọ̀gá á fi báírò pupa kọ èsì sí i, sẹ́kítìrì á wá jókòó tẹ èsì yẹn padà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn máníjà ẹkùn rí i pé báírò pupa ni ọ̀gá mọ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn máníjà ẹ̀ka rí tàwọn máníjà ẹkùn, ó sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwa tí à ń gbowó lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ọdún kan tí a ra ẹ̀rọ, páálí ìwé tí à ń rà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n torí èmi ni mo ń fọwọ́ sí i.

MD kejì dé. Òun ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ rárá. Ó kàn ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀yáwó tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, òun ò ní rí i, ẹni tó bá gbé fáìlì wá kó gbé e padà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, máníjà ẹkùn kan gbé fáìlì kọ́sítọ́mà ńlá kan wọlé, ọ̀rẹ́ MD gan-an ni kọ́sítọ́mà yẹn. MD ò ṣí i, wọ́n dá a padà. Ẹ̀yáwó yẹn pẹ́ ọjọ́ méjì, ọ̀rẹ́ bínú. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn gbogbo ẹ̀ka láti Ìbarà dé Yola ti gbọ́ pé MD dá fáìlì ọ̀rẹ́ ara wọn padà. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni báńkì wa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ọjọ́ tí a ra á.

Torí náà tí wọ́n bá bi mí pé kí ni ọ̀gá àgbà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní sọ pé owó ló ń san, owó ni ibi tó rọrùn jù níbẹ̀. Ta ni òfin tuntun yìí ò mú? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ọ̀gá àti àwọn èèyàn ọ̀gá", ó ti parí síbẹ̀.

TáíwòOníkóòdù, 10:51 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Mo gbà pẹ̀lú yín dé ìwọ̀n kan, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n takò ó díẹ̀ torí èmi ni mo máa ń kọ irú sọ́fítíwià báyìí, mo sì rí i tí a máa ń fi ọ̀gá bo àṣìṣe tiwa mọ́lẹ̀. @Akọ̀wéSítọ́ọ̀, mo fẹ́ béèrè, kí nọ́ńbà kan tó jáde, àlàfo mélòó lẹ máa ń kọ nǹkan sí? Ṣé ẹnikẹ́ni bi Bàbá Sítọ́ọ̀ léèrè kí wọ́n tó ra á?

Torí ọ̀gá lè fẹ́ràn kọ̀ǹpútà débi pé ó tún pa á lára. Ẹ wo General Electric ti Amẹ́ríkà. Jeff Immelt ni CEO wọn, ìyẹn ọ̀gá àgbà, láti 2001 sí 2017, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó fọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣeré. Ní 2011 wọ́n dá ibùdó sọ́fítíwià sílẹ̀ ní San Ramon ní California, ní 2015 wọ́n dá GE Digital sílẹ̀, ó ní tó bá fi máa di 2020 GE á wà lára ilé iṣẹ́ sọ́fítíwià mẹ́wàá tó tóbi jù láyé. Owó tí wọ́n ná sí i, bílíọ̀nù dọ́là ni. Kò dé ibẹ̀. 2017 ó kúrò lórí àga, àwọn tó gbapò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. Ọ̀gá tó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn nìyẹn o. Wọ́n fẹ́ kọ́ ohun kan ṣoṣo tó máa bá ẹ̀rọ bàlúù, ẹ̀rọ iná mànàmáná àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn mu pọ̀, kí wọ́n sì tún máa tà á fáwọn ará ìta, nígbà tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ gan-an ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ọ̀gá nìkan ò tó.

Akọ̀wéSítọ́ọ̀, 11:05 alẹ́

@TáíwòOníkóòdù àlàfo 14 ni. Wọn ò bi Bàbá Sítọ́ọ̀. Wọ́n ò tiẹ̀ bi mí.

TáíwòOníkóòdù, 11:07 alẹ́

14! Fún ẹni tó ń dúró lójú oòrùn pẹ̀lú awakọ̀ tó ń pariwo! Ẹ wò ó, màá padà wá lọ́la.

Ọ̀dọ́Kémta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ní tèmi o, gbogbo kọ̀ǹpútà yìí ò bá ìlú wa mu. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dúró, àwọn èèyàn wa ò fẹ́, ìwé ló dáa jù, ìwé ò nílò páásíwọ̀ọ̀dù.

ÌyáAláró_Ìtòkú, 7:02 àárọ̀

Ọmọ mi, má bínú, mi ò lè gbà yẹn fún ọ. Ìlú wo lo ní kò bá mu? Abẹ́òkúta yìí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè wa, Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá kọ́ṣẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ń fowó ẹyọ rà á kà. Nígbà yẹn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jìnnà sí wọn ju bí kọ̀ǹpútà ṣe jìnnà sí wa lónìí lọ. Àwa tí à ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, orí WhatsApp làwọn kọ́sítọ́mà mi láti Àbújá àti Port Harcourt ti ń rà á lọ́wọ́ mi, obìnrin tó jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ya àwòrán aṣọ tiẹ̀ ránṣẹ́. Èèyàn wa máa ń fẹ́ ohun tó bá ṣe wọ́n lóore. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lo sọ níbẹ̀.

MámáDébísí, 7:45 àárọ̀

Ohun kan wà tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ̀rù. Ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá, ọ̀gá ní iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò ní bọ́, oṣù kẹfà wọ́n dá èèyàn mẹ́fà dúró, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò, torí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ tuntun tán. Àwa tó kù ṣíwọ́ kíkọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ nǹkan tí mo lè ṣe lórí ẹ̀rọ yẹn ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Tí Bàbá Sítọ́ọ̀ bá padà sídìí lẹ́jà, ẹ má kàn sọ pé wọn ò fẹ́ ọ̀làjú, ẹ bi wọ́n pé kí ni MD sọ nípa iṣẹ́ wọn.

Fẹ̀yìntìBáńkì_Ìbarà, 8:10 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an Mámá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí a ṣe é ní báńkì náà.

OlómiÀṣerò, 9:33 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo fẹ́ lọ láìsọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀gá tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe MD oníoúnjẹ adìyẹ o, omi ni mo ń ṣe, inú ọ̀rá àti inú ike, èèyàn 14 ló ń ṣiṣẹ́ fún mi. Mo ra sọ́fítíwià lọ́dún 2022. Mo sì ṣe gbogbo nǹkan tí MD yín ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá ó máa ran arákùnrin yìí lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́, mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ọjọ́ tí wọ́n wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, mo ṣí ìpàdé pẹ̀lú àdúrà, mo sì jáde, torí mi ò fẹ́ kí ọmọbìnrin tí mo gbà sẹ́nu iṣẹ́ láná rí i pé mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tẹ́ ẹ rí tó ń sọ pé "mi ò ráyè fún ìyẹn", ojú ló ń tì wọ́n.

Èkejì, àwọn kọ́sítọ́mà tí mo ní, ọ̀rẹ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di kọ́sítọ́mà. Ẹnì kan wà tó yá mi lówó tí mo fi ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń di omi sínú ike. Tó bá rán ọkọ̀ wá, kí n ní kó dúró gba nọ́ńbà? Ó dà bí ìgbà tí mo sọ ọ́ di ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù láti sọ. Mo máa ń mú nǹkan. Bọ́ndù omi 20 lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, owó ilé ìwé ọmọ látinú owó ọjà, dísẹ̀ẹ̀lì ilé látinú dísẹ̀ẹ̀lì ilé iṣẹ́. Tèmi ni, mi ò jalè, ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ iṣẹ́ á rí i. Nígbà tí ohun gbogbo wà lórí ìwé, èmi nìkan ni mo mọ̀. Àní èmi gan-an ò mọ̀ tán. Ìyàwó mi ló ní kí n ṣí àkáǹtì kan sínú sọ́fítíwià yẹn ní orúkọ ara mi bíi kọ́sítọ́mà. Gbogbo ohun tí mo bá mú, wọ́n á kọ ọ́ sí i, ìparí oṣù wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo rí iye tí mo ń mú, mi ò sùn. Mo ti rò pé dírẹ́bà ló ń jí mi lómi.

Látìgbà yẹn kọ̀ǹpútà wa àti ohun tó wà nílẹ̀ ń bára mu. Mo sọ èyí torí pé mo mọ̀ pé ọ̀gá lè yí padà, kì í kàn ṣe nípa pé kí wọ́n pariwo lé e lórí.

MámáDébísí, 9:50 àárọ̀

Bàbá, Ọlọ́run á bù kún yín fún òótọ́ yìí.

Fẹ̀yìntìBáńkì_Ìbarà, 10:15 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tẹ́ ẹ sọ yẹn rán mi létí báńkì DBS ti Singapore. Piyush Gupta di CEO ibẹ̀ ní 2009, nígbà yẹn àwọn ará ìlú ń fi orúkọ DBS bú wọn pé wọ́n fà jù. Ọkùnrin yìí yí i padà débi pé ní 2016 ìwé ìròyìn Euromoney fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ báńkì orí ẹ̀rọ tó dáa jù láyé. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ kọ́ nìyẹn. Ní 2023 ẹ̀rọ wọn kú lẹ́ẹ̀mélòó kan, àwọn èèyàn ò rí owó wọn gbà. Nígbà tó di November 2023 ìjọba ibẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ gbé òwò tuntun kankan wọlé fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún ẹ̀rọ wọn ṣe ná. Bọ́ọ̀dù wọn sì gé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó àfikún Gupta ti ọdún yẹn. Àwọn ọ̀gá tó kù náà, wọ́n gé tiwọn, àmọ́ tiẹ̀ ló pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan ló jẹ̀bi. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Nílẹ̀ wa, tí ẹ̀rọ bá kú, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí.

ỌmọAdátán_Manchester, 11:28 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ látòkè òkun níbí. Báńkì TSB ti ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tèmi. April 2018 wọ́n kó gbogbo kọ́sítọ́mà láti orí ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sórí ẹ̀rọ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tí ò lè wọlé sí àkáǹtì wọn tó mílíọ̀nù 1.9. Ó di December kó tó fìdí múlẹ̀. CEO wọn, Paul Pester, lọ ní September ọdún náà, 2022 ìjọba bu owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé báńkì lórí. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀gá ti ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ẹni tó lè sọ pé "a ò tíì ṣetán, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú." Ọmọ iṣẹ́ ò lè sún ọjọ́. Ọ̀gá nìkan ló lè sún un.

Fẹ̀yìntìBáńkì_Ìbarà, 11:40 àárọ̀

Ẹ rántí September àti October 2024 nílé níbí, nígbà tí àwọn báńkì kan pààrọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n gbójú lé, alájàpá ní Kútọ̀ ò rí owó ọjà gbà fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

TáíwòOníkóòdù, 1:12 ọ̀sán

Mo ti padà dé. Ọ̀rọ̀ Bàbá olómi ti yí mi lérò padà díẹ̀, mo gbà báyìí pé ọ̀gá ló ṣáájú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, ọ̀gá náà ní ọ̀gá. Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn Blockbuster, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fíìmù, pé ní 2000 àwọn Netflix wá bá wọn pé kí wọ́n rà wọ́n ní mílíọ̀nù 50 dọ́là, John Antioco tó jẹ́ CEO kò rà á, wọ́n sì ń fi ọkùnrin yẹn ṣe àpẹẹrẹ aláìmọ̀ títí dòní. Wọn kì í sọ apá kejì. Antioco kẹ́kọ̀ọ́ o. Ní 2004 ó gbé yíyá fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, ó mú owó ìtanràn ìpẹ́dápadà kúrò, nígbà tó di ìparí 2006 ó ní kí èèyàn lè gba fíìmù nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kó sì dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn sì ń dara pọ̀. Owó ló ń ná, àwọn tó wà ní bọ́ọ̀dù, pàápàá Carl Icahn, ò fẹ́ inákúnàá yẹn, wọ́n bá a jà lórí owó àjẹmọ́nú ẹ̀, 2007 ó lọ. Ẹni tó rọ́pò ẹ̀ dá ojú padà sí ṣọ́ọ̀bù. September 2010 wọ́n wọko gbèsè.

Torí náà @Akọ̀wéSítọ́ọ̀, ẹ wò ó bóyá MD yín ní bọ́ọ̀dù tàbí ẹbí tó ń tì í lẹ́yìn. Nípa àlàfo 14 yẹn, kò yẹ kó ju mẹ́ta lọ fún MD: orúkọ, iye àpò, sítọ́ọ̀ wo. Kó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ẹ̀, kí nọ́ńbà bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Sítọ́ọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àlàfo 11 tó kù, ẹ̀yin lẹ ó kún un lọ́fíìsì. MD ṣì máa lè ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀ lóore, ó kàn máa hàn ni. Ẹ ní kí àwọn tó tà á fún yín ṣe é, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, tí wọ́n bá ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

ÌyáAláró_Ìtòkú, 2:05 ọ̀sán

Ó ti kàn mí wàyí. Ọmọ mi, bí wàá ṣe sọ ọ́ nìyí. Má sọ ọ́ níbi ìpàdé. Má lọ lọ́sàn-án nígbà tí orí wọn gbóná. Mú akántáǹtì dání, kó má baà dà bíi pé ìwọ nìkan lo ní ẹ̀sùn. Má lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀, mú ìwé lọ. Ṣé ẹ ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu géètì? Ẹ̀ṣọ́ ò ní ṣe kó má kọ ọkọ̀ tó jáde sílẹ̀. Lọ gba ìwé géètì yẹn, fi í wo tinú kọ̀ǹpútà. Gbé méjèèjì síwájú wọn, wá béèrè pé "Sà, tí ẹ bá pè báyìí, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa ṣe é?" Má dá wọn lẹ́bi. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Akọ̀wéSítọ́ọ̀, 2:31 ọ̀sán

Ìwé géètì! Mi ò ronú kàn án rí. Ẹ ṣeun Mà. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Màá padà wá.

Akọ̀wéSítọ́ọ̀, ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì, 8:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣèlérí pé màá padà wá.

Mo gba ìwé géètì. Àpò 340 tó sọnù yẹn, 332 wà nínú ìwé ẹ̀ṣọ́, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ọkọ̀. Alhaji 200, àbúrò MD 40, pásítọ̀ 30, ti máníjà títà 62. Mẹ́jọ tó kù, àpò tó ya ni, Bàbá Sítọ́ọ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀ sígun. Èmi àti akántáǹtì lọ bá MD láago méje àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo bi wọ́n bí Ìyá ṣe ní kí n béèrè. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n nu ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní "nígbà náà kọ̀ǹpútà ò parọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọn ò sọ nǹkan míì lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù bà mí títí di alẹ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àwọn fúnra wọn dé ibi ìwọ̀n, wọ́n dúró ti Bàbá Sítọ́ọ̀ fún bíi wákàtí méjì, tírélà méjì ni a wọ̀n lójú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àlàfo 14 ò ṣeé ṣe fẹ́ni tó dúró. Wọ́n tún sọ fún wa níwájú gbogbo èèyàn pé kò sẹ́ni tí kọ̀ǹpútà máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú sítọ́ọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n fi ẹ̀dà fún kálukú. (Mámá Débísí, mo ronú kan yín nígbà tí mo gba tèmi.) Àwọn tó ta sọ́fítíwià ṣe alálàfo mẹ́ta sórí fóònù MD, Táíwò, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wọ́n.

Àdánwò dé lọ́sẹ̀ kejì. Àna MD rán ọkọ̀ wá, 50 àpò. Bàbá Sítọ́ọ̀ ní nọ́ńbà dà? Awakọ̀ pe àna, àna pe MD. Gbogbo wa dákẹ́, a ń wo fèrèsé ọ́fíìsì. MD ò pe sítọ́ọ̀. Ó pẹ́ bíi ìṣẹ́jú 11, wọ́n pe ọmọbìnrin tó wà ní ẹnu ọ̀nà kó wá fi ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n, lẹ́yìn náà nọ́ńbà bọ́ sórí fóònù Bàbá Sítọ́ọ̀. Wọ́n dì í. Láti ọjọ́ yẹn máníjà títà ò pè mọ́, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

Ìparí oṣù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ àpò méje. Ìṣirò mi gbà mí ní ààbọ̀ ọjọ́.

OlómiÀṣerò, 8:41 alẹ́

Ẹ bá mi kí MD yín. Mo mọ ohun tí ìṣẹ́jú 11 yẹn ná wọn.

ÌyáAláró_Ìtòkú, 8:55 alẹ́

Olúmọ á gbè ọ́, ọmọ mi. Lẹ́jà Bàbá Sítọ́ọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ti gbà á lọ́wọ́ wọn?

Akọ̀wéSítọ́ọ̀, 9:03 alẹ́

Rárá Mà, wọ́n ṣì ń kọ ọ́. MD ní ká má gbà á. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, èmi àti Bàbá máa ń jókòó, wọ́n á ka tinú lẹ́jà, èmi á wo tinú kọ̀ǹpútà. Lánàá wọ́n rí àpò mẹ́ta tí mo kọ sí sítọ́ọ̀ Láfẹ́ńwá dípò tiwa. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn náà bí wọ́n ṣe ń tún irú ẹ̀ ṣe fúnra wọn, ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀.